Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ohun Tí Mọ́tò Lè Fà àti Ohun Tí Mọ́tò Lè Rù

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ yín ní Houston àti ní Dallas, kò sí ìdí tí a ó fi máa kọ́ yín bí a ti ń wakọ̀ ní títì márosẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ti ń gba I-45 lọ sí ibi iṣẹ́ láti ìgbà tí àwọn ọmọ yín, tí wọ́n di òbí lónìí, ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ohun tí í mú kí ènìyàn, nígbà tí ó bá fẹ̀yìn tì, fẹ́ láti kó ilé rẹ̀ dání lọ sí etí òkun Galveston tàbí sí àárín àwọn òkè Hill Country, kí ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, kí ó se ọbẹ̀ nínú ìkòkò ara rẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì máa sáré kiri lábẹ́ igi. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Ìkarahun yìí gan-an ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: tírélà ìpàgọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní fifth wheel, èyí tí a kì í so mọ́ ìdí mọ́tò bí a ti í so àwọn tírélà kéékèèké, ṣùgbọ́n tí ó máa ń na ọrùn wá síwájú, tí ó sì ń gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù.

Láyé ìgbà tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí irin róbótó kan tí wọ́n máa ń tẹ́ sí òkè ọ̀pá tí ó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ kí kẹ̀kẹ́ náà lè rí ọ̀nà yí. Nígbà tí ó di ìparí àwọn ọdún 1920, Glenn Curtiss, ọkùnrin tí a mọ̀ mọ́ ọkọ̀ òfuurufú, ṣe tírélà kan ní Florida tí ó gbé ọrùn lé ẹ̀yìn mọ́tò lọ́nà yìí, ó sì pè é ní Aerocar. Ìyẹn tó fún ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ibi kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń ṣòro fún àwọn kíláàsì tí ó ṣáájú yín, ibẹ̀ náà ni a ó sì dúró sí pẹ́, bí ó tilẹ̀ ṣe pé ẹ ó gbọ́ gbólóhùn kan náà títí yóò fi sú yín. Gbólóhùn náà ni pé: ohun tí mọ́tò lè fà kì í ṣe ohun tí mọ́tò lè rù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí mọ́tò lè fà kì í ṣe ohun tí mọ́tò lè rù.

Ẹ wo ọkùnrin alágbára kan tí ó lọ gé igi lóko. Ó lè so okùn mọ́ ìtì igi ńlá, kí ó sì wọ́ ọ nílẹ̀ tuurutu títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó gbé ìtì kan náà rù, ọrùn rẹ̀ lè ṣẹ́ kí ó tó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Agbára rẹ̀ kò dínkù láti àárọ̀. Fífà ni ó yàtọ̀ sí rírù. Bí ọkùnrin yìí bá wá ń fa apá kan igi náà nílẹ̀, tí orí igi sì wà ní èjìká rẹ̀, ẹrù méjì ni ó dì mọ́ ara rẹ̀: ó ń fà, ó sì ń rù. Bí píkọ́ọ̀pù tí ó bá so mọ́ fifth wheel ti rí nìyẹn. Táyà tírélà gba apá tí ó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n 15 sí 25 nínú 100 ni yóò jókòó lé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, orí àwọn táyà ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Bí a bá ń ṣírò, ìdá kan nínú márùn-ún ni kí ẹ máa lò.

Ẹni tí ó ń ta píkọ́ọ̀pù, fífà ni yóò máa ròyìn fún yín. Yóò sọ fún yín pé mọ́tò yìí lè fa 15,000 pọ́n-ùn, kò sì purọ́. Ibi tí a kọ rírù sí ni kò ní í mú yín lọ bí ẹ kò bá béèrè. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ fúnra yín. Ẹ ó rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó ilẹ̀kùn náà, funfun tí ó ní àmì ìyeyè, tí a kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà sí. Lórí bébà náà ni a ti kọ ọ́ pé àpapọ̀ ìwúwo àwọn ènìyàn tí ó jókòó sínú mọ́tò àti ti ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju iye kan báyìí lọ. Iye yẹn ni rírù. Ti píkọ́ọ̀pù yín nìkan ni. Mọ́tò aládùúgbò yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan náà, lè ní iye mìíràn, nítorí àga aláwọ, ẹ́ńjìnnì díísù àti àwọn ohun ẹ̀ṣọ́ gbogbo máa ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí a jọ ṣírò. Wọ́n ní píkọ́ọ̀pù wa lè fa 15,000 pọ́n-ùn. Tírélà wa, pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, wúwo tó 12,000. Ṣé mọ́tò lè fà á? Ó lè fà á, ó tilẹ̀ ṣẹ́ku. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti í pa ìwé dé, tí wọn a sì lọ sanwó. Ẹ má tíì pa ìwé dé. Ìdá kan nínú márùn-ún 12,000 ni 2,400; èyí ni yóò jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Bébà ẹnu ilẹ̀kùn sọ pé 2,600 ni rírù kò gbọdọ̀ kọjá. Ó ku 200 péré. Ìkọ́ onírin tí a dè mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, èyí tí yóò gbá tírélà mú, wúwo tó 150. Ó ku 50. Bàbá àti ìyá kò tíì jókòó! Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ 350, tí àpótí irinṣẹ́ àti kúlà oúnjẹ sì jẹ́ 100, àpapọ̀ ohun tí mọ́tò ń rù di 3,000. Ó ti fi 400 kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ni fífà rẹ̀ ṣì ku 3,000 kí ó tó pé. Mọ́tò kan náà, ọjọ́ kan náà: ó lè fà á, kò lè rù ú. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tírélà 12,000, ẹ wá píkọ́ọ̀pù tí bébà rẹ̀ gbà á, tàbí kí ẹ ra tírélà tí ó kéré sí i.

Àwọn kan a máa sọ pé, “Olùkọ́, mo ti ra báàgì afẹ́fẹ́ sí abẹ́ mọ́tò mi, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́.” Òótọ́ ni pé kò tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n táyà kò nípọn sí i, bíréèkì kò tóbi sí i, irin tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kò lágbára ju ti àná lọ. Bébà ẹnu ilẹ̀kùn kò yí padà. Àwọn mìíràn a sì kó gbogbo ẹrù lọ sí ìdí tírélà pátápátá, kí iwájú rẹ̀ lè fúyẹ́ lára píkọ́ọ̀pù. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé tírélà tí iwájú rẹ̀ fúyẹ́ jù yóò máa ju ìdí sọ́tùn-ún sósì bí ó bá ti ń sáré. Ẹ má sì gba ìwúwo tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó gbọ́, nítorí òfìfo tírélà ni wọ́n wọ̀n. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju pọ́n-ùn 8 lọ díẹ̀; bí ẹ bá rọ omi 60 gálọ́ọ̀nù kún táńkì, ẹ ti fi nǹkan bí 500 kún ẹrù yín kí ẹ tó di ẹ̀wà àti gàrí.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi àbá ṣe é, òṣùwọ̀n wà ní etí títì, ní àwọn ibùdó tí àwọn awakọ̀ tírélà ńlá ti í ra díísù. CAT Scale ni a kọ sára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ gbé mọ́tò àti tírélà gun orí rẹ̀, kí táyà iwájú wà lórí pèpéle kan, táyà ẹ̀yìn lórí èkejì, táyà tírélà lórí ẹ̀kẹta. Wọn yóò fún yín ní bébà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ já tírélà sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbà yín láàyè, kí ẹ sì padà gbé píkọ́ọ̀pù nìkan lé e. Bí píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú tírélà bá jẹ́ 10,400 lórí pèpéle méjì àkọ́kọ́, tí ó sì jẹ́ 8,000 nígbà tí ó dá wà, 2,400 tí ó yọ nínú rẹ̀ ni ohun tí tírélà gbé kà á lẹ́yìn. Owó tí wọn yóò gbà kéré sí owó ẹyọ táyà kan lọ́nà púpọ̀púpọ̀.

A kò tíì so tírélà mọ́ mọ́tò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi wẹ́ẹ̀jì dí táyà tírélà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ sọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kalẹ̀, kí ẹ wá máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Láti abẹ́ ọrùn tírélà ni irin kúkúrú kan ti yọ jáde, tí ó nípọn tó íńṣì 2. Pínnì ni à ń pè é. Pínnì yìí ni yóò wọ ẹnu ìkọ́, ẹnu náà yóò sì pa dé mọ́ ọn ní ọrùn pẹ̀lú ìró “gbà!” Ẹ má ṣe tìtorí ìró yìí wọlé mọ́tò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tàn án sí abẹ́ ọrùn náà, kí ẹ rí i pé ẹnu ìkọ́ yí pínnì ká pátápátá, àti pé irin abẹ́ tírélà jókòó lé irin ìkọ́ láìsí àlàfo láàárín wọn. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá láàárín irin méjèèjì, pínnì ti ga jù, orí ẹnu ìkọ́ ni ó jókòó lé, kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wa irú rẹ̀ lọ, yóò yọ, gbogbo ọrùn tírélà yóò sì já lé ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù yín.

Nígbà tí ó bá ti wọlé dáadáa, ẹ ti ohun ìdènà rẹ̀, ẹ ki wáyà iná bọ ojú ihò rẹ̀, kí ẹ sì so wáyà tín-ín-rín ti bíréèkì pàjáwìrì mọ́ ara píkọ́ọ̀pù. Ara píkọ́ọ̀pù ni mo wí, kì í ṣe ara ìkọ́. Nítorí bí ìkọ́ bá tú kúrò lára mọ́tò, wáyà tí a so mọ́ ìkọ́ yóò bá a lọ láìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n èyí tí a so mọ́ mọ́tò yóò fà já, bátìrì tírélà yóò sì fi bíréèkì mú un kí ó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ ìdúró tírélà sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra tẹná, kí ẹ wò ó bóyá mọ́tò yóò fa ara rẹ̀ yọ, nígbà tí wẹ́ẹ̀jì ṣì wà lábẹ́ táyà. Bí kò bá yọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè pátápátá, ẹ kó wẹ́ẹ̀jì, ẹ máa lọ.

Ní ojú ọ̀nà, ẹ rántí pé tírélà kò ní í tọ ipasẹ̀ píkọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ lọ síwájú dáadáa kí ẹ tó yí ọwọ́, nítorí yóò gé kọ́nà, yóò sì gun ibi tí àwọn ènìyàn dúró sí. Ẹ wọn gíga rẹ̀ fúnra yín, dé orí ẹ̀rọ amúlétutù tí ó wà lókè rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, òrùlé ilé epo kì í sì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Ẹ yẹ táyà wò ní àárọ̀ kí ó tó gbóná. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT lára rẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Oòrùn Texas a máa pa táyà tí ojú rẹ̀ ṣì dára. Máìlì 65 ní wákàtí kan péré ni àwọn táyà tírélà kan gbà. Ẹni tí ó bá ń kánjú, kí ó kọjá. Bí ẹ bá sì rí i pé àwọn mọ́tò ti tò sẹ́yìn yín lójú ọ̀nà tóóró, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n kọjá, nítorí ọ̀nà kì í ṣe ti baba ẹnì kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sínú tírélà nígbà tí ó bá ń lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbà á, àwọn mìíràn kọ̀ ọ́. Ní kíláàsì yìí, a kọ̀ ọ́. Kò sí béliti lára bẹ́ẹ̀dì, ọmọ-ọmọ ẹni kì í sì í ṣe ẹrù.

Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ kúrò ní ibùdó, omi ilé ìgbẹ́ àti omi ìfọwọ́ ní ibi tí a ti ń dà wọ́n sí. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti ṣí wọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ kọ́kọ́ ṣí ti ìgbẹ́, kí ẹ fi omi ìfọwọ́ ṣan rọ́bà rẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ sì fi omi nu ilẹ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹni tí ó yàgbẹ́ sọ́nà, bí ó bá ń padà bọ̀, yóò bá eṣinṣin níbẹ̀. Ó sì tún burú kí a máa sọ pé àwa Yorùbá ni a ṣe é.

Iṣẹ́ ilé: kí a tó tún pàdé, kí olúkúlùkù lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò tí ó ń wà, ì báà ṣe píkọ́ọ̀pù tàbí ọkọ̀ kékeré, kí ó ka bébà tí ó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ kí ọmọ bá a kà á, kí ó sì da iye rírù rẹ̀ kọ sínú ìwé. Lábẹ́ rẹ̀, kí ó kọ ìwúwo gbogbo àwọn tí ó máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kí ó rò ó pọ̀, kí ó sì wo èyí tí ó pọ̀ jù.