Àrùn Kan Náà, Ìlànà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2020, ìjọba Gúúsù Kòríà kéde pé àwọn ti rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà nílẹ̀ àwọn. Láàárín ọjọ́ kan sígbà náà, Amẹ́ríkà kéde tirẹ̀. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, àwọn tí Kòrónà pa ní Gúúsù Kòríà kò tó 1,000. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ju 300,000 lọ. Òótọ́ ni pé èrò Amẹ́ríkà tó ìlọ́po mẹ́fà ti Kòríà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lè fa irú ìyàtọ̀ yìí. Amẹ́ríkà ló sì lówó jù. Kí ló wá fà á?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn. Èémí ló ń gbé e kiri. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́, tó bá sín, tàbí tó kàn ń sọ̀rọ̀, ẹni tó wà nítòsí lè fà á símú. Ohun tó mú un ṣòro ni pé ẹlòmíràn á ní in láìmọ̀, ara rẹ̀ á le koko, á sì máa kó o ran ará ilé. Nítorí náà, ìjọba tó bá dúró dìgbà tí aláìsàn kún ọsibítù ti pẹ́ jù.

Kòríà kò dúró, nítorí ojú wọn ti rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2015, ọkùnrin kan tó ti ilẹ̀ Lárúbáwá dé kó àrùn tí wọ́n ń pè ní MERS wọ ìlú wọn. Ó ti lọ sí ọsibítù mélòó kan kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Kí àrùn náà tó rọlẹ̀, ó ti ran èèyàn 186, ó sì pa 38 nínú wọn. Inú bí aráàlú gidigidi, ìjọba sì yí òfin padà: bí àjàkálẹ̀-àrùn bá tún dé, wọn kò ní fi ọ̀pọ̀ oṣù yẹ ohun èlò àyẹ̀wò wò kí wọ́n tó gbà á láyè. Nígbà tí Kòrónà dé, aláìsàn mẹ́rin péré ni wọ́n tíì rí tí àwọn aláṣẹ ìlera fi pe àwọn ilé-iṣẹ́ jọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè ìlú Seoul, tí wọ́n ní kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun èlò àyẹ̀wò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba ti fọwọ́ sí àkọ́kọ́.

Wọ́n gbé ibi àyẹ̀wò sí ẹ̀bá títì. Èèyàn á wa ọkọ̀ débẹ̀, á sọ gíláàsì kalẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera á ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí bọ̀ ọ́ nímú, onítọ̀hún á sì máa lọ. Kò ní bọ́ sílẹ̀, kò ní jókòó ti aláìsàn mìíràn. Orí fóònù ni èsì ń bá a.

Nígbà tí ìbòmú wá wọ́n, ìjọba kò jẹ́ kí àwọn olówó rà á tán. Láti oṣù Kẹta 2020, méjì péré lẹnì kan lè rà lọ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ọdún tí wọ́n bí i ló sì ń sọ ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ọdún ìbí rẹ̀ parí sí 1 tàbí 6, Ọjọ́ Ajé ni tirẹ̀. Ti 2 tàbí 7, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1964, Ọjọ́bọ̀ ló máa lọ. Ẹni tí kò bá ráyè á lọ lópin ọ̀sẹ̀.

Ohun kan wà nínú ètò wọn tí n kò fara mọ́. Lásìkò náà, wọ́n ń fi fóònù àti káàdì báńkì tọpa ibi tí aláìsàn dé, wọ́n sì ń fi ìrìn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù aráàlú. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n aládùúgbò lè fòye mọ̀ ọ́n. Ojú ti àwọn kan. Bí wọ́n bá ń dójú ti aláìsàn, ẹlòmíràn á fi tirẹ̀ pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìlú mìíràn. Erékùṣù ni New Zealand, èèyàn bíi mílíọ̀nù márùn-ún ló ń gbé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 2020, olórí ìjọba wọn nígbà náà, Jacinda Ardern, ti ẹnubodè mọ́ àlejò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó kéde kónílé-ó-gbélé, ìjọba sì ń fún àwọn agbanisíṣẹ́ lówó kí owó òṣìṣẹ́ má bàa dúró. Èèyàn 25 ni Kòrónà pa níbẹ̀ lọ́dún náà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wọn tó wà lókè òkun ló pẹ́ kí wọ́n tó rí àyè padà wálé.

Sweden kò ti ìlú. Wọ́n ṣí ilé-ìwé àwọn ọmọdé sílẹ̀, ìmọ̀ràn ni wọ́n sì ń gba àgbà ju kí wọ́n fi òfin dè wọ́n lọ. Àwọn ọmọ jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn náà wọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó sì fojú wọn rí màbo. Àwọn tí Kòrónà pa lọ́dún 2020 ju 8,000 lọ, nígbà tí ti Norway, aládùúgbò wọn tí èrò rẹ̀ tó ìdajì tiwọn, kò tó 500. Ọba Sweden, Carl Gustaf, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn ti kùnà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣírò ikú ọdún mẹ́ta pọ̀, Sweden sàn ju ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù lọ.

Tànsáníà ni mo kà sí èyí tó burú jù. Láti oṣù Karùn-ún 2020, ìjọba Ààrẹ John Magufuli kò kéde iye aláìsàn mọ́, ó ní àdúrà ti lé àrùn lọ. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ìjọba tí kò ka aláìsàn kò lè mọ ibi tó yẹ kí oògùn lọ.

Nílé wa ńkọ́? Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá, ó sì tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè fara dà á. Alátẹ àti ọlọ́kadà ńkọ́, tí oúnjẹ òòjọ́ wọn wà lójú títì? Ọ̀pọ̀ ilé ni pálíétífù ìjọba kò dé. Ní Benin tó bá wa pààlà, Ààrẹ Patrice Talon sọ gbangba pé ìlú òun kò ní owó tí àwọn ìlú olówó fi ń sé èèyàn mọ́lé. Ńṣe ni wọ́n pààlà yí àwọn ìlú gúúsù ká, Kútọnu àti Àjàṣẹ́ wà lára wọn. Ará ibẹ̀ ń lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ààlà náà láìnídìí. Lójú tèmi, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Talon sọ. Ìjọba tó bá ní kí tálákà jókòó sílé gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé Kòríà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ní oṣù Keje 2014, arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh, tó ń tọ́jú rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní kúrò ní ọsibítù. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣeé ṣe kó ti kó o, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Òṣìṣẹ́ ìlera ń kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná tó, fún ọjọ́ 21. Ìbẹ̀wò náà lé ní 18,000. Ẹnu ìgbógun ti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹni 20 ló kó Ebola, mẹ́jọ kú, Dókítà Adadevoh wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Wọn kò ti Èkó pa.

Kòrónà le ju Ebola lọ láti tọpa, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le lè máa kó o ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni Èkó ṣe lọ́dún 2014 tí Kòríà ṣe lọ́dún 2020, àwọn tó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ló sì ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí àìsàn àjèjì kan ń mú èèyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ládùúgbò yín, ẹ má fi pamọ́. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí kí ẹ pe NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀-àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232. Ọ̀fẹ́ ni.