Mọ́tò Ń Yí, Kò Gbà: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìṣirò owó; ti mọ́tò ni. Ẹni tó ní mọ́tò tó fi lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, ẹni tó ń háyà rẹ̀ kó ẹrù, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. A kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rìnlélógún ní Mile 12, à ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí a sún mọ́ Ṣágámù, mọ́tò kú lójijì lórí eré. Dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí rù-rù-rù, kò gbà. Mẹkáníìkì tí wọ́n pè kò tilẹ̀ yẹ nǹkan kan wò. Ó ní, "Mọ́mì, pọ́ọ̀ǹpù epo ló ti lọ. Ẹ mówó wá." A dá owó jọ, a ra pọ́ọ̀ǹpù, ó dè é. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbà síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ẹlòmíràn fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, tó rí i pé ẹ̀yà kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì ló kú. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó pọ́ọ̀ǹpù tí a kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n tòmátì ti ń ṣomi. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án péré la rí tà.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: kí ẹ tó ra ẹ̀yà mọ́tò kankan, ẹ béèrè pé, "Ọ̀gá, kí lẹ fi mọ̀ pé òun ló bàjẹ́?"

ÈWO NI TI ÒNÍ?

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí kò dún rárá, tàbí tó kàn dún "kó" lẹ́ẹ̀kan, bátìrì, orí bátìrì tàbí kíkì sítátà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bó bá ń yí bí arúgbó tó ń gun òkè, bátìrì ló rẹ̀. Ti òní ni èyí tó ń yí dáadáa, tí kò gbà.

Ẹ wo sítóòfù wa nílé. Kò lè jó láìsí kẹrosíìnì, láìsí ìṣáná, láìsí atẹ́gùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì: epo, iná púlọ́ọ̀gì àti atẹ́gùn, kí wọ́n sì pàdé lásìkò. Èyí tó sọnù nínú wọn là ń wá.

1. EPO

Ẹ má gbára lé géèjì nìkan. Géèjì a máa purọ́. Ẹ bi dẹ́rẹ́bà ìgbà tó ra epo kẹ́yìn àti ibi tó ti rà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná iwájú rẹ̀ yóò tàn, kó má tíì ṣáná. Ẹ gbé etí sún mọ́ táǹkì. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbà yìí, ẹ ó gbọ́ tí pọ́ọ̀ǹpù ń kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó bá dákẹ́, ìyẹn ò tíì ní pọ́ọ̀ǹpù kú o. Ó lè jẹ́ fíúsì tàbí rílè, tí owó wọn kéré. Àwọn yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Bí ẹ bá fura sí epo, kí mẹkáníìkì bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, tí ìjọba fúnra wọn sọ pé epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà. Irú ìyẹn lè má hàn nínú ìgò. Ìdí nìyẹn tí ibi tí a ti ń ra epo fi ṣe pàtàkì.

2. INÁ

Ẹ lo imú yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yí i bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ lọ sí ẹ̀yìn, níbi sàlẹ́ńsà. Bí òórùn epo bá ń le, epo ń dé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná púlọ́ọ̀gì ni kò sí. Bí kò bá sí òórùn, ó ṣeé ṣe kí epo má dé ibẹ̀. Àmì lèyí, kì í ṣe ìdájọ́.

Bí àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú níwájú dẹ́rẹ́bà, mọ́tò lè má dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀. Ẹ gbìyànjú kejì rẹ̀.

Ẹ̀yà tó kú lára tiwa ni sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún brénbọ́ọ̀sì pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí kò bá jíṣẹ́, iná lè má dé púlọ́ọ̀gì, epo náà lè má wọlé. Láti ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà ní kí mọ́tò kékeré tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò kan lábẹ́ ìdí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bọ̀ ọ́. Nítorí náà, tòkúnbọ̀ tó ti ọ̀hún wá ní in. Nọ́ńbà tó gbé jáde fún tiwa ni P0335. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ń tọ́ka ibi tí a ó wò ni. Wáyà rẹ̀ náà lè já.

3. ATẸ́GÙN ÀTI BẸ́LÍÌTÌ

Kí wọ́n wo fíltà bóyá ó ti dí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tó yára ju ti tẹ́lẹ̀, taimín bẹ́líìtì lè ti já. Kí dẹ́rẹ́bà dáwọ́ dúró kíákíá, nítorí nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, inú rẹ̀ ni yóò máa fọ́.

Mọ́tò dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Bí dísù bá tán pátá nínú rẹ̀, atẹ́gùn á wọ páìpù. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u jáde kó tó lè gbà.

ÌKÌLỌ̀

Kí wọ́n má yí i kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Kó sinmi fún bí ìṣẹ́jú kan, kí kíkì sítátà má jóná. Kí ẹnikẹ́ni má bu epo sí ẹnu ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń ṣáná. Iná a máa bú jáde. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ tàn, kì í ṣe àtùpà. Ẹ gbé síkọ́ṣọ̀n sẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ sì dúró jìnnà sí títì. Bí ẹrù yín bá jẹ́ èyí tó ń tètè bàjẹ́, ẹ tètè wá mọ́tò mìíràn gbé e. Òun ni mi ò ṣe.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín mọ́tò tí kò dún rárá àti èyí tó ń yí tí kò gbà?
2. Bí pọ́ọ̀ǹpù kò bá kùn, kí ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó ra òmíràn?
3. Kí ni òórùn epo ní sàlẹ́ńsà ń sọ fún wa?

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ má tijú láti béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Owó yín ni, ọjà yín ni. Ó dìgbà kan ná.