Ìbọn Lẹ́bàá Ọ̀nà

Ní ìkangun àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìpínlẹ̀ Maine wà. Igbó ni ó bo èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ rẹ̀, irú àgbọ̀nrín kan tí abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun báláú sì pọ̀ nínú igbó náà. Bí oṣù kọkànlá ọdún bá dé, tí ewé ti wọ́ tán lórí igi, tí òtútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àwọn ènìyàn a gbé ìbọn, wọn a dorí kọ igbó. Ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìdílé bí ó ti sábà máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Akọ̀wé, oníṣòwò, olùkọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ìwé àṣẹ lè di ọdẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nítorí náà ni òfin fi ní láti sọ ohun tí bàbá tí í ṣe ọdẹ ì bá fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lórí ọ̀nà ọlọ́dà tí í ṣe ti gbogbo ènìyàn kí ó yìnbọn sí ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yìn ín láti ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí etí ọ̀dà. Kò sì gbọdọ̀ yìnbọn kọjá lórí ọ̀nà láti ìhà kan sí èkejì. Ní ti ilé, ìwọ̀n 100 yáàdì ni òfin wí, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù, àfi bí onílé bá yọ̀ǹda. A kì í dọdẹ lọ́jọ́ Àìkú, a kì í sì í dọdẹ àgbọ̀nrín lóru. Àwọn ọdẹ wa tí ń fi àtùpà wá ojú ẹran lóru yóò ní òfin yìí le jù!

Ẹni tí ó bá ronú yóò rí i pé ẹsẹ̀ bàtà 10 kò jìnnà rárá. Bí àgbàlagbà méjì bá dùbúlẹ̀ ní títẹ̀lé ara wọn, wọ́n ti gbà á tán. Bẹ́ẹ̀ ni ọta ìbọn tí a fi ń pa àgbọ̀nrín lè rìn ju máìlì kan lọ kí ó tó balẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ọta ni ìwọ̀n yìí wà láti dá dúró, bí kò ṣe ọdẹ fúnra rẹ̀, kí ó má baà fò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó sì yìnbọn ní wàdùwàdù nítorí pé ẹran yọjú.

Ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Kò ní ọ̀dà, a kò sì lè mọ etí rẹ̀ dájú. Inú igbó kan náà ni ọdẹ àti ẹni tí ń gbafẹ́ jọ ń rìn. Òfin ní kí ọdẹ àgbọ̀nrín dé fìlà, kí ó sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn pípọ́n tí ń tàn yòò. Ojú ènìyàn a máa tètè rí àwọ̀ yìí lókèèrè, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín kò lè yà á sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára àwọ̀ ewé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, abiyamọ kan jáde sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ní Maine. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun nítorí òtútù. Ọdẹ kan wà nínú igbó nítòsí. Bí àgbọ̀nrín tí mo wí yìí bá ń sá, ìrù rẹ̀ a nà sókè bí àsíá. Ọdẹ náà sì sọ pé ìrù ẹran ni òun rí. Ó yìnbọn, obìnrin náà sì kú.

Àwọn kan dá òkú lẹ́bi: kí ló dé tí ó wọ funfun ní àsìkò ọdẹ? Àwọn mìíràn bèèrè bóyá ẹni tí ó dúró lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ni yóò máa kéde pé òun kì í ṣe ẹran. Ìgbìmọ̀ tí ó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò fi ẹ̀sùn kan ọdẹ náà. Ìgbìmọ̀ kejì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ní ọdún 1990, àwọn ará ìlú tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́ dá a sílẹ̀.

Ní ọdún 1991, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tuntun. Ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn àfi bí ó bá dá a lójú, ní ìgbà náà gan-an, pé ẹran tí òun ń wá ni. Ìró nínú ewé kò tó. Ìró pẹ̀lú ohun tí ó jọ ìwo tàbí ìrù kò tó. Ó ní láti rí orí ẹran àti àgọ́ ara rẹ̀ láìsí ìdínà, nítorí pé ọdẹ tí ó ti dúró nínú òtútù láti ìdájí, ojú rẹ̀ a máa rí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Òfin yìí kò wọn ẹsẹ̀ bàtà tàbí yáàdì. Ó ń bá ọdẹ lọ sí ọ̀nà ọkọ̀, sí ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àti sí ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ṣakabùlà pàápàá mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ a máa sọ ẹni tí ó ni ìbọn. Kì í kọ́ ojú ní ìríran. Púpọ̀ nínú ọ̀nà oko wa kò sì ní ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ó ru igi àti ọmọdé tí ó lọ pọnmi ní ìdájí kì í wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Ọmọ ọdẹ tí ó bá ń ka ìwé yìí lè bi bàbá rẹ̀ léèrè lálẹ́ òní pé: kí ni ẹ máa ń rí kí ẹ tó yìnbọn?