Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Fẹ́ Di Amọ̀kòkò

Ọmọ mi, o ní iṣẹ́ amọ̀ wù ọ́. Inú mi dùn sí i. Ní ebu ìyá mi ni mo ti ń pọnmi kí n tó mọ ìkòkò kankan, irun orí mi sì ti funfun lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìkánjú ló ń fọ́ ìkòkò ju iná lọ. Jókòó, kí n sọ fún ọ.

1. Kọ́ ìwà amọ̀ ná. Ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ kúrò, rẹ ẹ́ sómi, fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ bí iyán. Bí o bá fẹ́ fi mọ ìkòkò ọbẹ̀, gún àpáàdì kúnná, kí o pò ó mọ́ ọn. Àpáàdì ti rí iná rí, kì í sún kì mọ́, òun ni kì í jẹ́ kí amọ̀ tuntun sán.

2. Má rò pé láìsí ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀, ìkòkò rẹ kò ní gún. Lọ wo ebu Dada ní Òkèlele, n'Ílọrin. Ìkòkò àtijọ́ ni wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n ń tẹ amọ̀ lé ìdí rẹ̀ kó lè di ìdí ìkòkò tuntun. Wọ́n á wá máa lọ́ amọ̀ bí okùn, wọ́n á máa tò ó lé e.

3. Wo ẹ̀yìn owó ogún náírà. Obìnrin amọ̀kòkò tó wà níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi. Àǹtí rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Láàfin Ẹ́míà Abuja ni Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, ti rí ìkòkò rẹ̀ ní 1950. Ní 1954 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ nílùú náà, tí a ń pè ní Suleja lónìí. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀rọ, ó kọ́ ìkunra tó ń dán bíi dígí, èyí tí ìléru gbọ́dọ̀ gbóná ju 1200°C kó tó yọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ ló fi ń mọ àwọn ìkòkò ńlá rẹ̀, tí yóò máa yí wọn ká, tí yóò sì ya alángbá, àkéekèé àti ejò sí wọn lára. Lójú tèmi, ọ̀gá ni kí Cardew tó mọ̀ ọ́n.

4. Èyí ni kí o fetí sí jù. Lọ́dún kan, òjò kò dá, oníbàárà sì ń retí àmù mẹ́fà. Mo fọwọ́ kàn wọ́n, mo ní wọ́n ti gbẹ. Ara wọn gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí wọn nípọn, omi ṣì wà nínú rẹ̀. A kó igi àti màrìwò gbígbẹ lé wọn, a ṣáná sí i. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ gbàù, gbàù. Mẹ́rin fọ́. Ìyá mi kò bá mi wí. Ó ní kí n ṣa àpáàdì rẹ̀, kí n gún un. Bí ooru bá ti dé 100°C, omi inú amọ̀ á di ooru omi, á máa wá ọ̀nà àbáyọ. Bí kò bá rí ọ̀nà, á fọ́ ìkòkò jáde. Nítorí náà, gbé ìkòkò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Bí ó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀. Kọ́kọ́ fi ẹyin iná yá a, kí o tó jẹ́ kí iná ńlá bà á. Bí iná bá kú, má da omi sí ìkòkò, má sì tètè fà á jáde.

5. Díyelé iṣẹ́ rẹ bó ṣe tọ́. Má tìjú.

6. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, lọ sí Òkèlele tàbí Ìpetumodù. Kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá níbẹ̀, bá wọn pọnmi, bá wọn ṣẹ́gi. Wọ́n ti ń dàgbà, ọmọ mi. Tètè lọ.