Ìmọ̀ Òde fún Ọ̀dọ́ Onílù Dùndún

Òde, gẹ́gẹ́ bí àwọn onílù ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà, ni ibikíbi tí a bá ti pè wọ́n láti lu ìlù, ìbáà ṣe ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìwúyè, ọdún ìbílẹ̀, tàbí orí ìtàgé tí ìjọba ṣètò. Ibẹ̀ ni oúnjẹ onílù wà, ibẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ ti ń dára tàbí tí ó ti ń bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí gbójú lé bí wọ́n bá ń lọ sí òde ni ọwọ́ yíyá lórí awọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí àwọn àgbà àyàn gbójú lé ni ìmọ̀ nípa àwọn ènìyàn tí wọn yóò bá níbẹ̀. Ọwọ́ yíyá dára, kò sì sí àgbà onílù tí kò ní in rí, ṣùgbọ́n ìlù tí kò mọ ẹni tí òun ń kí, ariwo lásán ni létí onínàáwó, a kì í sì í pe ariwo lẹ́ẹ̀kejì.

Àyàn ni orúkọ ìdílé onílù, láti ara Àyàn Àgalú, ẹni tí ìtàn àwọn onílù gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ lu ìlù nílẹ̀ Yorùbá, ìdí sì nìyí tí orúkọ bíi Àyánwálé, Àyándélé àti Àyánkúnlé fi ń fi ọmọ ilé ìlù hàn. Lónìí, kì í ṣe ọmọ àyàn nìkan ni ó ń lu dùndún mọ́, nítorí àwọn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn àti ti Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ nípa orin àti eré, àwọn obìnrin náà sì ti gbé ìlù kọ́ èjìká níwájú gbogbo ayé, gẹ́gẹ́ bí olórin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àrà ti ṣe. Ìmọ̀ràn yìí kan gbogbo wọn bákan náà, àfi pé ẹni tí a kò bí sínú agbo ìlù ní láti fi etí àti ẹsẹ̀ wá ohun tí ọmọ àyàn gbọ́ láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí ó bá lè ka ìwé, kí ó wá èyí tí Akin Euba kọ lórí dùndún, tí ó jáde ní ọdún 1990, kí ó sì kà á tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìwé kò lè dúró nípò ọ̀gá tí a tẹ̀lé lọ sí òde fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀wọ́ dùndún ní ipò, ipò náà sì ní ìtumọ̀. Ìyáàlù ni olórí, òun ni a ń fi sọ̀rọ̀, òun ni a sì ń so ṣaworo mọ́, ìyẹn àwọn agogo idẹ wẹ́wẹ́ tí ń dún bí ọwọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́. Kẹríkẹrì, ìsáájú àti kànnàǹgó ni wọ́n ń gbè é, nígbà tí gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan tí a ń gbé kọ́ ọrùn tí a sì ń fi awọ líle méjì lù, ń pa ohùn kan náà láìyẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹni tí ń jó má bàa ṣìnà. Gúdúgúdú kò sọ̀rọ̀, ìdí èyí ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kánjú kúrò nídìí rẹ̀ lọ bá ìyáàlù, àṣìṣe ńlá sì ni. Ẹni tí ó wà nídìí gúdúgúdú ni ó ráyè jù lọ láti gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń sọ, láti wo ojú ẹni tí a ń kí, àti láti mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ lára, nítorí náà, kí ọ̀dọ́ má ṣe ka ọdún tí ó lò níbẹ̀ sí ọdún tí ó ṣòfò.

Ìdí pàtàkì tí ìmọ̀ òde fi ju ọwọ́ yíyá lọ wà nínú ọ̀nà tí dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Dùndún kò ní ètè, kò ní ahọ́n, nítorí náà kò sí kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì nínú ohùn rẹ̀, bí kò ṣe ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bí ohùn ṣe ń yọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Èyí ni onílù ń mú jáde nípa fífún ọ̀sán mọ́ra tàbí dídẹ̀ ẹ́, ọ̀sán ni okùn awọ tí ó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, bí ó ti ń fi kọ̀ǹgọ́, igi ìlù tí orí rẹ̀ tẹ̀, lu ojú awọ. Bí ìyáàlù bá wá dún ní ohùn àárín tí ó sì gòkè, ilé ni ó lè jẹ́, owó ni ó lè jẹ́, adé ni ó lè jẹ́, igbá náà sì ni ó lè jẹ́, kò sí etí tí ó lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Ohun tí àwọn àgbà fi borí ìṣòro yìí ni pé wọn kì í lu ọ̀rọ̀ ẹyọ kan; gbólóhùn gígùn inú oríkì àti òwe tí etí ará ìlú ti mọ̀ tipẹ́ ni wọ́n ń lù, kí ẹni tí ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè fúnra rẹ̀ parí ìyókù nínú ọkàn. Èyí já sí pé ìdajì ọ̀rọ̀ ìlù wà lọ́wọ́ onílù, ìdajì yòókù sì wà nínú ìmọ̀ ẹni tí ń gbọ́ ọ. Onílù tí kò mọ ohun tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ mọ̀ kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ rárá, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó.

Níbi tí olùgbọ́ kò bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù dáadáa, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ púpọ̀ nísinsin yìí nínú ìnáwó àwọn ará Èkó tí wọn kò bí ọmọ wọn sí ìlú baba wọn, kí ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbè máa fi ẹnu sọ ohun tí ìyáàlù sọ tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí bí onílù bá fẹ́ sọ ohun tuntun, bí oyè tí onínàáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ: kí ó kọ́kọ́ lu oríkì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí ó tó so ohun tuntun náà mọ́ ọn ní ìrù, kí ẹnu sì túmọ̀ rẹ̀. Àìdájú ohùn ìlù yìí kan náà ni àwọn kan ń sá pamọ́ sí láti bú ènìyàn lójú agbo kí wọ́n tó sẹ́ pé àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwà tí ó rẹ iṣẹ́ sílẹ̀ nìyí, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá yé kò ní í gbàgbé, wọn yóò sì kìlọ̀ fún ẹlòmíràn.

Oríkì, nígbà náà, ni ẹrù tí onílù ní láti dì kí ó tó jáde nílé. Oríkì àbísọ bí Àjàní, Àkànní, Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lú oríkì àwọn àmútọ̀runwá bí ìbejì, Ìdòwú, Àìná, Ìgè àti Dàda, kò ṣòro láti kó jọ, wọ́n sì lè gba onílù lójú agbo tí ó bá bá a lójijì. Oríkì orílẹ̀ ni ó ṣòro, ìyẹn èyí tí ó ń tọ́ka sí ìran àti ìlú tí baba ńlá ẹni ti ṣẹ̀ wá, bí Oníkòyí tí a mọ̀ mọ́ ogun, Ọ̀pọ́múléró, tàbí Olókùn-Ẹṣin. Orílẹ̀ baba ni ọmọ ń jẹ́, obìnrin kì í sì í fi ti ọkọ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà, onílù tí ó bá fi oríkì ilé ọkọ nìkan ki aya onínàáwó nígbà tí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ilé baba wọn jáde ti fi àwọn àlejò tí ó yẹ kí inú wọn dùn jù lọ sílẹ̀ láìkí. Àṣìṣe tí a sábà máa ń rí nìyí, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti yẹra fún. Kí ọ̀dọ́ onílù lọ sí ilé onínàáwó ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, tàbí kí ó wá àgbà kan nínú ẹbí náà rí, kí ó béèrè ilé baba ọkọ àti ti aya, ẹni tí ó dàgbà jù, àwọn olóyè tí yóò wá àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀léra, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kí ó má bàa pè é mọ́ àwọn alààyè, àti àwọn tí ìjà wà láàárín wọn. Kí ó béèrè pẹ̀lú bóyá ẹbí náà fẹ́ kí a dárúkọ òrìṣà tí ó wà nínú oríkì wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni kò fẹ́ ẹ, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Iṣẹ́ onílù ni láti yan apá tí ó dára nínú oríkì náà láìgé e lábùkù.

Ọdún ìbílẹ̀ ní òfin tirẹ̀, nítorí níbẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan ni ó ni òde. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ìlù tí ó mọ̀: bàtá ni ti Ṣàngó àti egúngún, ìgbìn ni ti Ọbàtálá, ìpèsè ni ti Ifá, àgẹ̀rẹ̀ sì ni ti àwọn ọdẹ. Dùndún lè wọ ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gba ipò ìlù tí ó ni ètùtù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Òṣogbo, nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí Arugbá, wúńdíá ìdílé ọba tí ó ń ru igbá ẹbọ, bá ń lọ sí igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005, ọ̀dọ́ onílù tí ó wá wá owó kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ojúlé àwọn àlejò àti ìta ààfin tó fún un láti ṣe iṣẹ́. Oṣù kẹjọ sì tún jẹ́ ìgbà òjò, bẹ́ẹ̀ awọ ewúrẹ́ tí a fi bo ojú dùndún fẹ́lẹ́, bí omi bá sì kàn án, yóò dẹ̀, ohùn òkè yóò sì kọ̀ láti jáde. Kí onílù má ṣe jáde láìmú ọ̀rá tí yóò fi bo ìlù.

Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí a ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá, yàtọ̀ sí ọdún ti Òṣogbo. Àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara wọn, ni wọ́n ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ jó lọ síwájú ọba lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìdílé balógun sì ń gẹṣin. Àsìkò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gùn. Onílù tí ó bá fi ìlù àlùjó gbogbogbòò gba gbogbo rẹ̀ ti ṣe ẹgbẹ́ náà níbi. Orúkọ ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dún, kí ó tẹ̀lé e pẹ̀lú oríkì ọba, kí ó sì tètè gé e nígbà tí ẹgbẹ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá ti súnmọ́. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni ó ń wúlò lórí ìtàgé níbi NAFEST, ìdíje iṣẹ́ ọnà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí a ti ń fi aago wọn eré.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba ìtìjú. Láti ìgbà pípẹ́ ni owó tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú onílù ti jẹ́ apá tí ó tóbi jù nínú èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n owó náírà síni lára níbi ayẹyẹ àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè fa ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, ọwọ́ ìjọba sì ti le lórí rẹ̀ ní ọdún àìpẹ́ yìí. Nítorí náà, kí onílù dá iye sọ ṣáájú, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó gba apá kan àti owó ọkọ̀ kí ó tó gbéra, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é lóore fi owó sínú àpò ìwé tàbí kí ó fi ránṣẹ́ sí báńkì. Ó sàn fún ìlù pàápàá, nítorí onílù tí kò wo ọwọ́ ẹni tí yóò náwó lè wo ẹsẹ̀ ẹni tí ń jó. Bí wọ́n bá fẹ́ gba eré rẹ̀ sílẹ̀ fún títà, kí wọ́n jọ sọ ọ́ ṣáájú pẹ̀lú.

Àǹfààní òkè òkun wà, ó sì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú tọ́jú bàtá gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ ìlù mẹ́ta, iyá, itótele àti okónkolo, wọ́n sì ń pe Àyàn ní Añá. Ọdún 1936 ni ọ̀mọ̀wé Fernando Ortiz tó mú kí wọ́n lù ú fún gbogbo ènìyàn lórí ìtàgé. Ọ̀dọ́ tí a bá pè láti lọ kọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé òfo ni òun ń lọ bá. Kí ó gbọ́ tiwọn kí ó tó lu tirẹ̀, kí ó má sì purọ́ awo tí kò ní fún wọn.

Lẹ́yìn òde, kí a nu omi àti òógùn kúrò lára ìlù, kí a dẹ ọ̀sán, kí a sì pín owó lójú gbogbo ẹgbẹ́, tí ọmọ tí ó lu gúdúgúdú yóò fi gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Kí a wá bi ọmọ náà léèrè ohun tí ìyáàlù sọ nígbà tí ìyá onínàáwó jáde sí agbo. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí a rọra tún un lù fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, kí a tó gbé ìlù kọ́ sára ògiri.