Iṣẹ́ Àwọn Akọ̀wé Àgbà Ìjọba Nígbà Tí Ìlú Kò Fara Rọ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó mọ orúkọ Mínísítà àti ti Gómìnà, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni ó mọ Akọ̀wé Àgbà tí ó wà lẹ́yìn wọn. Mínísítà ni ó ń pinnu ohun tí ìjọba yóò ṣe. Akọ̀wé Àgbà ni ó ń gbà á nímọ̀ràn láìbẹ̀rù, òun náà ni ó sì ń dáhùn fún owó ilé-iṣẹ́ náà bí a bá yẹ ìwé wò. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá lọ tí òmíràn sì dé, òun kì í bá wọn lọ. Nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédé, a kì í ka iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1962. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí, tí í ṣe Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá kúrò ní ipò Olórí Ìjọba, ó sì fi Alhaji Dauda Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kò gbà, ó ní Gómìnà kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ipò kan ṣoṣo, ènìyàn méjì! Ọ̀dọ̀ ta ni kí òṣìṣẹ́ gbé fáìlì lọ? Ní ọjọ́ 25, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn, àga ń fò lókè, títí àwọn ọlọ́pàá fi yin tajútajú sí wọn. Ní ọjọ́ 29, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Èkó kéde òfin pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà M. A. Májẹ́kódùnmí, Mínísítà fún ètò ìlera, ṣe Alákòóso Ìwọ̀-Oòrùn.

Fún oṣù méje, títí ọdún náà fi parí, àwọn aṣòfin kò jókòó ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n owó oṣù àwọn olùkọ́ kò lè dúró de àwọn òṣèlú. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kò sì mọ ẹni tí ó ń bá ẹnìkejì jà. Ètò iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn bíi Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni ó wúlò nígbà náà. Nínú ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Adébọ̀ ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọbabìnrin ní London dá Gómìnà láre. Kíá ni Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yí òfin padà, wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn wá, kí ìdájọ́ náà má baà lágbára. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan, yálà ti ìhín tàbí ti ọ̀hún, ìbá ti ṣubú.

Èyí tí ó nira jù dé ní ọdún 1966. Lẹ́yìn tí àwọn ológun dìtẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, tí wọ́n sì pa Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi àti Fájuyì, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Àríwá fẹ́ kí Àríwá ya kúrò. Gowon, ọmọ ọdún 31, wà ní Ìkẹjà láàárín wọn. Àwọn Akọ̀wé Àgbà Ìjọba Àpapọ̀, àwọn bíi Allison Ayida àti Philip Asiodu, wà lára àwọn tí ó gbà á nímọ̀ràn pé kí orílẹ̀-èdè má ṣe pín. Nígbà tí ó bá ìlú sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, kò kéde ìyapa.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967, Gowon àti Ojukwu ṣe àdéhùn ní Aburi ní Ghana. Àwọn akọ̀wé wọ̀nyí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ̀wé pé yóò gba agbára lọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Ogun bẹ́ ní oṣù Keje, àwọn kan kò sì yé dá wọn lẹ́bi. Lójú tèmi, kíkọ ìmọ̀ràn náà wà lára iṣẹ́ wọn. Gowon ni ó ní àṣẹ láti gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ibi tí ó kù sí ni pé lẹ́yìn náà, nítorí kò sí òṣèlú tí a dìbò yàn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìjọba bí ẹni pé àwọn ni a fi jẹ. Nígbà tí Murtala Mohammed gba ìjọba ní ọdún 1975, ó lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìgbọ́ tẹnu wọn.

Ní ọdún 1988, òfin 43 sọ Akọ̀wé Àgbà di ẹni tí ìjọba tí ó yàn án yóò máa bá lọ. Ní ọdún 1994, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti tún ètò náà yẹ̀ wò, Allison Ayida ni wọ́n sì fi ṣe alága rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oyè Akọ̀wé Àgbà padà bọ̀ sípò.