Àbúrò Mi, Má Sá fún Síkáànù Yìí

Àbúrò mi, bí dókítà bá ní kí o lọ ṣe síkáànù egungun ní ẹ̀ka nuclear medicine, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "nuclear" yẹn ni yóò kọ́kọ́ já ọ láyà. Bọ́ǹbù la máa ń gbọ́ ọ mọ́. Fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé fún ọ, nítorí mo ti rí àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tó jẹ́ pé ẹ̀rù nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe.

X-ray ń fi ìrísí egungun hàn. Síkáànù yìí ń fi ibi tí egungun ti ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ hàn. Abẹ́rẹ́ kan ni wọn yóò gún ọ sí iṣan apá; Technetium-99m díẹ̀, èròjà tó ń tan ìtànṣán, wà nínú oògùn náà, á sì lọ lẹ̀ mọ́ egungun. Ibi tí egungun bá ti ń tún ara rẹ̀ ṣe kíkankíkan ló máa ń kó jọ sí jù. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya àwòrán náà kì í ta ìtànṣán sí ọ lára fúnra rẹ̀. Èyí tó ń ti ara rẹ jáde ló ń gbà sílẹ̀. Gbogbo ìtànṣán tí wàá gbà kò ju èyí tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún wa láàárín ọdún kan sí méjì lọ. Ní wákàtí 6, agbára Technetium ti já sí ìdajì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, díẹ̀ ló kù.

Jẹun kí o tó kúrò nílé, kò béèrè ààwẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wàá dúró bíi wákàtí 2 sí 4. Máa mu omi, máa tọ̀. Kí o tó gorí bẹ́ẹ̀dì, tọ̀ ọ́ tán pátápátá, torí oògùn tó bá kù nínú àpò ìtọ̀ máa ń bo egungun ìbàdí mọ́ wọn lójú. Sì ṣọ́ra kí ìtọ̀ má kán sí ìró tàbí pátá rẹ o! Ẹ̀kán kan péré lè hàn nínú àwòrán bí ẹni pé egungun ló ní àrùn. Bó bá kán, má tijú, sọ fún wọn kí o pààrọ̀ aṣọ. Fi ṣéènì ọrùn àti bẹ́líìtì onírin sílé.

Bí nǹkan oṣù rẹ bá ti pẹ́, tàbí o ń fún ọmọ lọ́mú, sọ ọ́ kí wọ́n tó gún ọ. Bí ìyá ọkọ tàbí ẹlòmíì bá tẹ̀lé ọ, tí o kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, pe nọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Má dákẹ́ nítorí ìtìjú.

Kì í ṣe egungun nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò ní ẹ̀ka yìí. Bó bá jẹ́ ti ọkàn ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, wọ́n lè ní kí o yẹra fún kọfí, tíì àti Coke láti ọjọ́ tó ṣáájú. Obì wà lára wọn! Òun làwọn màmá wa máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ káfíìnì kún inú rẹ̀. Bó sì jẹ́ ti gẹ̀gẹ̀ ni, dárúkọ gbogbo oògùn tí ò ń lò fún un.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ èsì síkáànù egungun. Kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń fa àmì dúdú lórí àwòrán. Egungun tó ṣẹ́ rí lè mú un wá, làkúrègbé náà lè mú un wá. Má bẹ̀rẹ̀ sí sunkún níwájú àwòrán tí dókítà kò tíì kà fún ọ.

Ní Nàìjíríà, wọ́n ń ṣe é ní UCH Ìbàdàn àti ní National Hospital, Abuja. Òkè òkun ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe Technetium ti ń wá, ìdajì rẹ̀ sì máa ń lọ ní wákàtí 66, torí náà wọn kò lè tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ dè ọ́. Pè wọ́n kí o tó wọkọ̀, má pẹ́ dé, kí o sì mú àwọn X-ray àtijọ́ rẹ dání.